Níbi Ìsọ̀kalẹ̀ Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹni tí kò tíì sá eré ọ̀nà jíjìn lórí òkè rí a máa rò pé ibi ìgòkè ni ìyà wà. Lóòótọ́, ìgòkè a máa gba èémí lẹ́nu ẹni, àyà a máa lù kìkì, òógùn a sì bo ojú. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ara fi ń gbàgbé rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ara kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ń nà lákòókò kan náà tó ń fa ara sẹ́yìn kí a má baà yí gbiri, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dá ọgbẹ́ tí ojú kò lè rí sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a lè má mọ nǹkan kan lára. Ọjọ́ kejì, tí a bá fẹ́ dìde lórí àga, ni òkè tó ń jíṣẹ́. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ sáré láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó gbà pé bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, ká má wò ó níbi tó ti ń gòkè. Ká lọ dúró sí ìsàlẹ̀, ká wo bó ṣe ń bọ̀.

Àwa ará Àkókó kò wá òkè tì. Àpáta yí Ìkàrẹ́ ká. Ní Ọ̀kà, ara òkè gan-an ni àwọn ilé wà, bí èèyàn bá sì ń lọ láti àdúgbò kan sí èkejì, bó bá gòkè tán, yóò tún sọ̀. Òkúta wọ̀nyí ti wà láyé fún ohun tó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà láti Bídà ń wá kó wa lẹ́rú, òkè ni odi àwọn baba ńlá wa, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Àwọn tó ń gbé lókè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko, tí wọ́n sì ń ru iṣu padà lọ sókè, kò lè ṣe kí wọ́n má mọ òkè rìn. Ìmọ̀ yẹn ló wù mí láti jogún.

Eré tó bá ju máráthọ́nì lọ, ìyẹn 42.195 kìlómítà, ni ayé ń pè ní ultramarathon. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń sá Comrades ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín Durban àti Pietermaritzburg, nǹkan bí 90 kìlómítà. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti òkè Kamẹrúùnù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973: láti ìlú Buea, wọn a sáré dé ṣóńṣó òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ, wọn a sì sáré padà. Sarah Etonge, tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin òkè náà, gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ìlú Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n ti ń sá 10 kìlómítà lórí ọ̀dà olókè láti 2013. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kò dúró de ẹni tí yóò ṣètò ìdíje fún wa. A ya ojú ọ̀nà tiwa, 50 kìlómítà, ọ̀nà oko àti àpáta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

A kì í fẹ́ sá lórí ọ̀dà. Ọ̀nà tó gba Àkùngbá kọjá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ àjàgbé sì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìjánu ọ̀kan nínú wọn já níwájú fásitì Adékúnlé Ajásin, ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a lọ. Bí mo bá dé ibẹ̀, n kì í sáré. Ìrìn ni mo fi ń kọjá.

Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ ni olùkọ́ mi. Ẹ wo ìyá tó gbé igi ìdáná sórí òṣùká, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Ọrùn rẹ̀ kì í mì. Kì í na ẹsẹ̀ síwájú láti fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Abẹ́ ara rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ń balẹ̀ sí, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì yá. Níbi tó bá ti ga jù, a fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, a gba ọ̀tún, a gba òsì, kò ní dojú kọ ìsàlẹ̀ tààrà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè nísàlẹ̀ Ìwàrọ̀ ní Ọ̀kà bó ṣe ń ṣe é tí ẹrù kò fi yẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi kó tó dáhùn. Ó ní, “Ọmọ mi, o le orúnkún jù. Orúnkún tó bá le ló ń da ẹrù nù.” N kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ eré sísá tó jù yẹn lọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀ ló ń gba ìwúwo ara sílẹ̀. Èyí tó bá nà gbọnrangandan, egungun ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ojú. Ilẹ̀ òkè wa kì í ṣe oríṣi kan. Àpáta gbígbẹ a máa di bàtà mú dáadáa, èèyàn lè fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀: ọ̀nà omi òjò ni, ohun abẹ̀mí tíntìntín tó jọ èéhù ló ń gbé níbẹ̀, bí omi bá sì ti kàn án, yíyọ̀ ló kù. A kì í tẹ ilà dúdú nígbà òjò. Àwọn ibòmíràn wà tí oòrùn ti bó àpáta ní ìpele ìpele, tí ìpele òkè kò lẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀ mọ́. A máa dún gbọ̀ngàn lábẹ́ ẹsẹ̀, etí ló sì ń kìlọ̀ kí ojú tó rí i. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ọ̀nà oko níbi tí yangí wẹ́wẹ́ ti tẹ́ sórí ilẹ̀ líle, nítorí ó ń yí lábẹ́ bàtà bí ẹ̀wà gbígbẹ lórí síméńtì. Níbẹ̀, n kì í wo ẹsẹ̀ mi rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ yóò dé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ á rántí ohun tí ojú ti rí.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, àkàrà tí wọ́n dín láàárọ̀, ó tán. Omi ló gba àkíyèsí, nítorí ẹni tó bá ń mu omi lásán ṣáá, tí òógùn sì ń kó iyọ̀ ara rẹ̀ lọ, lè dákú bí ẹni tí kò mu omi rárá. Irú omi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá láti fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni èmi ń pò: omi lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀.

Lọ́jọ́ eré náà, a kúrò ní Ìkàrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí bí oòrùn ọ̀sán bá ti wọ inú àpáta, ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ máa ń le ju tòkè lọ. A kọ́kọ́ gba ọ̀nà Arígìdì. Ìrìn díẹ̀ ni láti Ìkàrẹ́, síbẹ̀ èdè wọn kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin Àkókó ní òwúrọ̀ kan yóò gbọ́ oríṣiríṣi èdè kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló kí wa kú ìrìn. A padà, a gba ẹ̀bá Àkùngbá, a dojú kọ Ọ̀kà. Gbogbo ìgòkè ni a rìn, ọwọ́ lórí itan, láìtijú. Ẹni tó bá sáré gun gbogbo òkè ti ná agbára tó yẹ kó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé mo ti ń mọ iṣẹ́ náà ni ìsọ̀kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà sí Ayégúnlẹ̀. Fóònù ọ̀rẹ́ mi ti fi hàn pé a ti kọjá 42 kìlómítà. Itan mi wúwo, ìka ẹsẹ̀ ń lù mọ́ imú bàtà, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mi ṣì kúrú, orúnkún mi kò le, ara mi kò sì bẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Inú mi dùn débi pé mo kígbe. Àwọn ọmọ tó ń pọnmi lẹ́bàá ọ̀nà kígbe padà, wọ́n sì bá wa sáré títí dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, kò sí èyí tó fi gìgísẹ̀ balẹ̀ nínú wọn.

Ní báyìí, a ti ń wo ọ̀nà Ẹ̀pìnmì dé Ìṣùà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ká tún fi ìsọ̀kalẹ̀ tó le jù sí ìparí. Èmi fẹ́ ká fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí n lè mọ ohun tí itan tó ti gba ìyà rẹ̀ láàárọ̀ yóò ṣe nígbà tí ó bá ku kìlómítà mẹ́wàá.