Àríwísí Lórí Alẹ́ Eré Ìje Káàtì Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya púpọ̀ nínú yín pé kí ẹnìkan mú ọ̀rọ̀ eré ìje ọkọ̀ wá sínú ìwé tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ohun tí àwọn òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé, eré ni à ń pè é. Ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ń sá, eré ni. Ohun tí ó kó àwọn àgbà jọ sídìí ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, eré náà ni. Nígbà tí àwọn baba wa ti fi orúkọ kan ṣoṣo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi kò rò pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí mo bá yẹ eré ìje wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ eré orí ìtàgé wò, kí n bèèrè ohun tí ó dára nínú rẹ̀, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí gan-an ni ó mú mi kọ̀wé.

Ní ìgbà òtútù ọdún 2023, mo wà ní ìlú ńlá kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀kọ́. Ẹnìkan tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà ni ó mú mi lọ sí ibi tí àwọn kan ti máa ń fi ọkọ̀ káàtì díje ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni ibẹ̀, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré tí táyà ti sọ di dúdú. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ kò ju méjìlá lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń ti ìdí eré ìje jẹun: ọ̀kan ń tún ọkọ̀ ṣe, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan kì í yẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá ara wọn díje láti ọdún pípẹ́ wá, wọ́n sì mọ ìṣe ara wọn bí ọ̀ta ayò ti mọ ọwọ́ ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì rí káàtì rí, ọkọ̀ kékeré ni, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ìjókòó rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi dà bí ẹni tí ó jókòó sórí ẹní. Art Ingels, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ eré ìje ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lou Borelli gbé sí i. Eré ọwọ́ dilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn awakọ̀ ńlá. Ayrton Senna ará Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàtì díje ní ọdún 1973, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Lewis Hamilton ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8. Àwọn káàtì tí mo rí nínú ilé yẹn kò lo epo. Bátìrì ni ó ń gbé wọn sáré, nítorí náà kò sí èéfín, ariwo wọn kò sì ju ti ẹ̀rọ ìlọta lọ. Onílé ni ó ni gbogbo wọn. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ èyí tí oníkálukú yóò gùn, nígbà tí wọ́n bá sì parí eré kan, wọn a pààrọ̀ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọgbọ́n ọwọ́ wọn wò. Òpè a máa rò pé ẹni tí ó bá lè tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ jù ni yóò borí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ọkọ̀ náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí ọ̀nà tí ó tọ́. Kọ́nà ni ó ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ lára òpè. Irin kan ṣoṣo ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà fẹ́ràn àtiṣẹ́ kọ́nà. Bí awakọ̀ bá fi ipá ya sítíárìn, ọkọ̀ yóò fi ẹ̀yìn gbálẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì kú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà yóò ti tẹ bíréèkì kí ó tó dé kọ́nà, yóò ti ẹ̀gbẹ́ òde wọ̀ ọ́, yóò súnmọ́ inú nígbà tí ó bá dé àárín, yóò sì jẹ́ kí ọkọ̀ tún gbé òun lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde bí ó ti ń jáde. Báyìí ni kọ́nà líle ṣe ń di ọ̀nà tí ó rọra tẹ̀, tí a sì lè fi eré púpọ̀ gbà á kọjá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Nọ́ọ̀sì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó mọ èyí jù nínú wọn. Wíwò rẹ̀ kò dẹ́rù ba ènìyàn. Àfi bí ẹni pé kò tilẹ̀ yára, títí ojú yóò fi bọ́ sára aago.

Aago yìí ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti ń ré ìlà kọjá, iye àkókò tí ó fi yípo yóò hàn lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lára ògiri, a ó sì pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kan nínú ìṣẹ́jú àáyá. Bí eré bá parí, kí awakọ̀ tó ṣí akoto lórí, ojú rẹ̀ ti wà lára ògiri. Olúkúlùkù ń ka tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fìgbá-kan-bọ̀kan fún ìyípo mẹ́wàá kò ní wò ó lójú. Mo wí nínú ara mi pé wọ́n jọ sáré, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé aago ni oníkálukú bá díje.

Nínú eré kejì alẹ́ náà ni ohun tí mo ń lọ bá ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ìgbà kẹta rẹ̀ níbẹ̀. Ó wà ní ipò kẹrin, ó sì ń ṣe dáadáa. Baba tí ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹni tí ó pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ náà tí gbogbo wọn sì fẹ́ràn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tí ó le jù, baba yìí kò tẹ bíréèkì tó. Ó fi imú ọkọ̀ gbá ọmọ náà nídìí, ọmọ náà yí po, ó dojú kọ ibi tí ó ti wá, gbogbo ẹgbẹ́ sì kọjá lára rẹ̀. Olùṣọ́ ọ̀nà ń wo ibòmíràn ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n àwa tí a jókòó sẹ́yìn gíláàsì rí i kedere. Kò sí ẹni tí ó wí nǹkan kan. Nígbà tí àkókò jáde lára ògiri, ohun tí ó kọ fún ọmọ náà ni pé ó ṣe ipò ìkẹyìn, àti pé ìyípo rẹ̀ kan lọ́ra púpọ̀. Òótọ́ ni aago sọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni ẹni tí ó bá kà á yóò gbọ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà ọjà yìí ń mu tíì wọn. Èmi náà kò sọ̀rọ̀, nítorí pé àlejò ni mí. N kò sì fi ìyẹn yangàn.

Nọ́ọ̀sì yìí ni ó dìde. Ó lọ bá baba náà níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì wí fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ìwọ lo gbá ọmọ yẹn. O mọ̀ ọ́n.” Ní ilẹ̀ wọn, níbi tí ọmọdé ti ń pe àgbà ní orúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò tó ìwọ̀sí lójú wọn bí yóò ti tó lójú wa, síbẹ̀ gbogbo ilé dákẹ́. Inú baba náà kò dùn. Ó dá a lóhùn pé ẹni tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí ọkọ̀ ń gbé sáré lásán, kò yẹ kí ó máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀sùn tí wọ́n ti ń rò sínú tipẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀sùn yìí, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀sùn asán. Ẹ̀rọ kan náà tí ó ń gbé ẹni tí ó wọn kílò 60 yóò tètè fò lẹ́yìn kọ́nà ju èyí tí ó ń gbé ẹni tí ó wọn kílò 95 lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe eré yìí, òfin ni pé kí ẹni tí ó bá fúyẹ́ gbé irin sí ọkọ̀ rẹ̀ kí òun àti àwọn yòókù lè dọ́gba. Irin náà wà ní igun ilé yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n di irin mọ́ ọkọ̀ òun fún eré ìkẹyìn, iye tí ó bá wù wọ́n. Wọ́n di kílò 20 mọ́ ọn. Nígbà náà ni baba náà, lẹ́yìn ìgbà tí ó ti fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí, dìde lọ bá adájọ́ eré, ó sì ní kí wọ́n fi òun sí ẹ̀yìn gbogbo wọn.

Bí òǹkọ̀wé eré ni ó kọ eléyìí, ì bá jẹ́ kí obìnrin náà gba ipò kìn-ín-ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ipò kejì, ó sì hàn pé irin náà fà á sẹ́yìn díẹ̀. Nítorí náà òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn wọn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ akẹ́rù tí ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ìwúwo kẹ́wọ́ jù ṣe ipò kẹfà tí ó máa ń ṣe, ó sì yára sọ pé ọkọ̀ tí kèké mú fún òun kò dára. Baba náà ti ẹ̀yìn wá sí ipò karùn-ún, kò sì fi ara kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kọ́nà líle yẹn, ó tẹ bíréèkì kíá, ó dúró dè é, kò kọjá títí wọ́n fi dé ọ̀nà tí ó tọ́. Èyí ni ìran tí ó dára jù lọ nínú gbogbo eré alẹ́ náà. Lójú aago, àkókò ṣòfò ni.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun kan tí Senna wí. Ó ti gba ipò awakọ̀ tí ó ga jù láyé nígbà mẹ́ta, ní ọdún 1988, 1990 àti 1991. Ní Adelaide ní Ọsirélíà ní ọdún 1993, wọ́n bi í léèrè ẹni tí bíbá díje rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Àwọn tí ó bi í ń retí orúkọ ńlá kan. Orúkọ Terry Fullerton ni ó dá, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ fi káàtì díje láti ọdún 1978 sí 1980, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Asif Kapadia fi ọ̀rọ̀ náà sínú sinimá tí ó ṣe nípa Senna ní ọdún 2010. Kò sí ìwé àkókò kan tí ó lè sọ ohun tí Senna sọ yìí fún wa. Ẹni tí ó ti bá ènìyàn wọ kọ́nà kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ni ó lè sọ ọ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Aago ni ó ń sọ ẹni tí ó yára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n ń sọ ẹni tí ó wakọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ni èyí jẹ́ fún wọn, ó sì le, nítorí pé ojúlùmọ̀ ẹni ni a óò bá wí. Nídìí ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48 ni, ilé 12 ni, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé tòun ni ó wúwo. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran kì í panu mọ́ bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ tẹ́rẹ́ jí ọmọ. Ní alẹ́ yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ kùnà nígbà tí wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó tún un ṣe, ó sì fi kílò 20 san án. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa wọn gbogbo awakọ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí irin náà má baà jẹ́ ohun tí a ń gbé jáde nígbà ìjà nìkan. Kí ẹni tí ó bá pẹ́ jù sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ̀bi kan kù tí ó jẹ́ tiwa, àwa òǹwòran. Olùkọ́ ìṣirò ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ó wakọ̀ láìfi ara gbún ẹnikẹ́ni, kò ṣàròyé ọkọ̀, kò ṣàròyé ìwúwo. Wọ́n gbé ife kékeré fún un, a pàtẹ́wọ́, a sì padà sórí ọ̀rọ̀ baba àti nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ń jáde, mo rí i tí ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ júwe bí a ti ń wọ kọ́nà líle yẹn.