«Ó Tì Mí» tàbí «Mo Ṣubú»: Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Kan Tí Ó Di Sinimá

Ní ọdún 2016 ni Colleen Hoover, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn ìfẹ́ kan jáde tí ó pè ní It Ends with Us, èyí tí a lè túmọ̀ sí «Ọ̀dọ̀ wa ni yóò parí sí». Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni a gbé ìtàn náà jáde ní sinimá. Christy Hall ni ó kọ eré náà. Justin Baldoni ni ó darí rẹ̀, òun kan náà ni ó sì ṣe ọkọ nínú rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìwé fún àwọn àgbà tí ń kọ́ ìwé kíkà yóò rí ohun tí ó kàn wọ́n níbẹ̀.

Lily, obìnrin inú ìtàn, ń ta òdòdó ní ìlú Boston. Bàbá rẹ̀ a máa lu ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ni ó sì ṣe nígbà èwe. Ó wá bá Ryle pàdé, oníṣègùn tí ń ṣe iṣẹ́-abẹ ọpọlọ, wọ́n sì di tọkọtaya.

Nínú ìwé, Lily fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn. Ní ọjọ́ tí oúnjẹ jóná, tí Ryle fi ọwọ́ kan àwo gbígbóná, tí Lily sì rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọkùnrin náà gbé e ṣubú. Òǹkàwé kò ní iyèméjì: a lù ú, ó sì mọ̀ pé a lù ú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò dá a lójú. Ṣé irú ti bàbá òun ni èyí, àbí àṣìṣe ọjọ́ kan?

Sinimá gba ọ̀nà mìíràn. Wàràwàrà ni ó fi gbogbo rẹ̀ hàn: ooru, ariwo, ọwọ́ tí ó fò, obìnrin tí ó wà nílẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ó gbá a ni tàbí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì bà á. Bákan náà ni ti àtẹ̀gùn: a rí i tí Lily ṣubú. Lẹ́yìn ìwà ipá kẹta, tí ó burú jù lọ, ni àwòrán wọ̀nyí tó padà wá, tí a sì rí i pé ó gbá a, pé ó tì í.

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbé ìyàtọ̀ yìí. Obìnrin tí ń bo ọkọ rẹ̀ ní àṣírí yóò wí pé «mo ṣubú ni». Ọjọ́ tí ó bá wí pé «ó tì mí», ó ti fi ẹni tí ó ṣe é sí ipò olùwà. Ojú ẹ̀rọ ni sinimá fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n náà kò sì kéré, nítorí òǹwòran yóò rí i pé òun náà ti bá Lily wá àwáwí.

Síbẹ̀ mo rí àdánù níbẹ̀. Orí ìtumọ̀ ni ìwé fi iyèméjì sí. Sinimá gbé e lọ sí orí ìṣẹ̀lẹ̀. Ó rọrùn láti ṣàánú obìnrin tí kò mọ̀ dájú pé a lu òun. Ti ẹni tí ó mọ̀, tí ó sì dúró, ni ó ṣòro, òun sì ni Hoover kọ. Àwọn aládùúgbò yóò ṣì máa béèrè pé: «Kí ló dé tí kò fi kúrò níbẹ̀?» Nínú ìwé, ìyá Lily dáhùn dáradára: ààlà tí obìnrin fà fún ọkọ a máa sún díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní mọ ibi tí ó fà á sí mọ́. Ní sinimá, ìdáhùn ìyá kúrú púpọ̀. Atlas, ọmọkùnrin aláìnílé tí Lily bọ́ nígbà èwe, ni a fún ní ààyè, ó sì wu ojú wò. (Ti ìpolówó sinimá náà, tí ó kún fún òdòdó àti aṣọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú, n kò ní fi kún un.)

Ní ìparí ni àwọn méjèèjì dọ́gba. Lily bí ọmọbìnrin. Nígbà tí Ryle gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ó bi í léèrè ohun tí yóò sọ bí ọmọ yìí bá dàgbà, tí ó wá sọ fún un pé ọkùnrin tí òun ń fẹ́ ti òun lórí àtẹ̀gùn. Ẹnu Lily ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti jáde níhìn-ín, ní ojú ẹni tí ó ṣe é, ẹ̀rọ sì dúró jẹ́ẹ́.