Ọ̀nà Tí Ọmọ Adido Lè Gbà Di Onímọ̀ Ìtọ́jú Ojú

Adido jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbègbè tí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ pín sí, ní ẹkùn Collines, ní àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀ẹ́ ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí lókèèrè. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: iṣu, àgbàdo, òwú àti kajú. Nínú ilé, èdè Ṣábẹ̀ẹ́, tí í ṣe ẹ̀ka Yorùbá, ni à ń sọ. Ní ilé ìwé, Faransé ni. Bí a bá sì sọdá odò Okpara tí a wọ Nàìjíríà, a ti dé ibi tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ níwèé. Mo fi èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣáájú nítorí pé wọ́n ní ipa tí wọ́n ń kó nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá ń da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó, àṣìṣe ni yóò kún ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka iṣẹ́ kan náà sí i létí, kì í ṣì í. Mo pè é ní aláìfarabalẹ̀, mo sì gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí a tó mọ̀ pé ọmọ náà kò rí pátákó. Lọ́jọ́ tí ó gba awò ojú rẹ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ń ka ewé orí igi máńgòrò. Lẹ́yìn èyí ni ó bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹni tí ó wọn ojú rẹ̀. N kò ní ìdáhùn lọ́jọ́ náà. Mo ti wá a kiri láti ìgbà náà, ohun tí mo rí ni mo kọ síbí.

Orúkọ kan ṣoṣo, dókítà ojú, ni àwọn ènìyàn wa fi ń pe gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ́jú ojú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ náà. Èkíní ni oníṣègùn ojú, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tán kí ó tó yan ojú láàyò. Òun ló láṣẹ láti fi abẹ kan ojú, bí ìgbà tí ó bá ń yọ ìbòjú funfun tí ń mú àwọn arúgbó, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní cataracte. Èkejì ni onímọ̀ optomẹ́tírì. Òun ló ń wọn agbára ìríran, tí ń yan awò tí ó yẹ, tí ń yẹ inú ojú wò láti mọ àìsàn tí ó fara pamọ́, tí ó sì ń darí ẹni tí ó nílò iṣẹ́ abẹ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ẹ̀kẹta ni oníṣẹ́ awò, tí ń gé dígí sínú férémù tí ó sì ń tún un ṣe kí ó lè jókòó dáadáa lórí imú àti etí. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀kẹta yìí, tí a ń pè ní opticien, ni ará ìgboro mọ̀ jù. Orúkọ èkejì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ wa létí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀.

Ìbéèrè ni ó máa ń ṣáájú nínú àyẹ̀wò ojú. Ẹni tí ó ní ojú ń yún òun kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní ojú ń ta òun. Èyí tí ń yún sábà máa ń jẹ mọ́ eruku tàbí ohun mìíràn tí ara kọ̀. Èyí tí ń ta lè jẹ́ pé ohun kan ti ha ojú tàbí pé egbò ti wà níbẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ní ojú òun ń ṣe bàìbàì nígbà tí òun bá ń kàwé, ó lè jẹ́ awò nìkan ni yóò yanjú rẹ̀. Bí ó bá ní ó dà bí ẹni pé èéfín bo gbogbo nǹkan, ọkàn yóò lọ sí ìbòjú funfun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń kọlu ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ronú kan glaucoma, àìsàn tí ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín láìsí ìrora. Ojú pípọ́n tí ń ràn káàkiri ilé ìwé, apólò ni gbogbo wa ń pè é. Ó gba orúkọ náà nítorí pé ó jà ní Ghana ní 1969, ọdún tí ọkọ̀ Apollo gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá láti inú ilé kò nílò ògbufọ̀ níwájú ìyá àgbà tí ń ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe. Mo ka èyí mọ́ irinṣẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe àfikún lásán.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni pátákó lẹ́tà. A ó bo ojú kan, ojú kejì yóò máa kà láti orí lẹ́tà ńlá lọ sí wẹ́wẹ́. Ní ti ẹni tí kò mọ̀wé kà, lẹ́tà E kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì ni a ó fi hàn án, yóò sì fi ọwọ́ júwe ibi tí ó kọjú sí. Bí ìríran kò bá dá ṣáká, a ó gbé páálí tí a lu ihò tín-ínrín kan sí síwájú ojú náà. Bí ó bá ríran dáadáa láti inú ihò yẹn, awò ni ó nílò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí àìsàn wà nínú ojú. Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo àyẹ̀wò náà nìyí, pé páálí àti ihò abẹ́rẹ́ lè ya ẹni tí ó nílò awò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó nílò oníṣègùn. Lẹ́yìn náà ni a ó ta ìmọ́lẹ̀ sínú ẹyinjú láti fi bí ó ṣe ń padà mọ agbára awò tí ó yẹ. A ó máa pààrọ̀ dígí lọ́kọ̀ọ̀kan sínú férémù ìdánwò. A ó yẹ ẹ̀yìn ojú wò níbi tí iṣan ìríran ti wọlé. A ó sì wọn ìfúnpá inú ojú, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21 ní ìwọ̀n mílímítà mákúrì.

Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ti pẹ́. Ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá ni awò ojú kọ́kọ́ jáde ní Ítálì. Ní 1851, Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ṣe ohun èlò tí a fi ń wo inú ojú. Ní 1862, Herman Snellen, oníṣègùn ní Utrecht ní orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé pátákó lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ní 1872, Ferdinand Monoyer, ará Faransé, dábàá díópítà, ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára awò títí dòní, òun náà sì ní pátákó tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe òfin lórí iṣẹ́ optomẹ́tírì, ní 1901.

Pátákó Snellen àti ti Monoyer ló mú wa padà sórí ọ̀rọ̀ èdè. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlànà Faransé, bí ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, 10/10 ni wọ́n ń kọ fún ojú tí ó ríran kedere, mítà márùn-ún sì ni ó fi jìnnà sí pátákó. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, mítà mẹ́fà ni, 6/6 ni wọ́n sì ń kọ. 5/10 tí nọ́ọ̀sì kọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni 6/12 tí wọn yóò kọ ní Ìlọrin. 1/10 sì ni 6/60. Ojú kan náà ni. Ọmọ tí yóò ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá ààlà gbọ́dọ̀ lè ka méjèèjì.

Ìmúrasílẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ tí èsì bac, ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé girama, bá jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn BEPC, ìdánwò tí a fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀wọ́ D ló bá iṣẹ́ yìí mu jù, nítorí pé ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò ni òpó rẹ̀. Ọ̀wọ́ C náà dára fún ẹni tí ìṣirò kò bà lẹ́rù. Ẹni tí ó bá yan ọ̀wọ́ A ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé ọ̀nà yìí. Nínú gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ fọkàn sí orí ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ nínú físíìsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Kò ṣòro tó bí wọ́n ṣe rò. Díópítà kò ju pé kí a fi jíjìn tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé, ní mítà, pín 1. Awò ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ díópítà 2 tí a fi àmì àyọkúrò sí. Bí a bá fi 2 pín 1, ìdajì mítà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó tó gba awò, ohun tí ó bá ti kọjá ìdajì mítà níwájú rẹ̀ kò yé ojú rẹ̀ mọ́. Mítà mẹ́fà ló wà láàárín ìjókòó ẹ̀yìn tí mo gbé e lọ àti pátákó.

Lẹ́yìn bac, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan kò kúrò nínú Faransé. Ọmọ lè kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ INMeS ní Kùtọnù tàbí ní Yunifásítì Parakou, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ ìtọ́jú ojú ní pàtó. IOTA, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ojú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bamako ní 1953, ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ojú, oníṣẹ́ awò àti oníṣègùn ojú fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé. Ẹni tí iṣẹ́ abẹ bá wù yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tán ní Kùtọnù tàbí Parakou, lẹ́yìn náà ni yóò ya ojú sọ́tọ̀.

Ọ̀nà kejì sọdá ààlà, òun ló sì lọ sí optomẹ́tírì tààrà. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà ní Nàìjíríà, oyè tí a ń gbà ni Dókítà Optomẹ́tírì, tí a ń kọ ní OD. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìlọrin, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Abia ní Uturu, ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, àti ní Yunifásítì Benin. Kí òbí má ṣe ṣi orúkọ ti ìkẹyìn yìí gbọ́: ìlú Benin ní Nàìjíríà ni, kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa. Ní Ghana, Yunifásítì Cape Coast àti KNUST ní Kumasi ń kọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà bákan náà. Ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ṣáájú. Ìmọ̀ ẹ̀yà ara, iṣẹ́ ara, oògùn àti ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọdún tí ó kù di ti yàrá àyẹ̀wò, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yẹ ojú ènìyàn wò lójú olùkọ́.

Èmi fara mọ́ ọ̀nà kejì yìí fún ọmọ Adido, ṣùgbọ́n ó ní ohun mẹ́ta tí a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èkíní. A ń kọ́ ọ láti ọdún àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń fojú kékeré wò ó. Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe optomẹ́tírì máa ka ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ ní Faransé, kí ó sì tún un kà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni pé ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama bíi ti WAEC àti ìdánwò ìgbaniwọlé JAMB ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà sábà máa ń béèrè. Ẹni tí ó mú bac dání gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yunifásítì náà fúnra rẹ̀, ó kéré tán ọdún kan ṣáájú, láti mọ bí wọn yóò ṣe gbé ìwé rẹ̀ lé ìwọ̀n. Ẹ̀kẹta, tí àwọn ẹbí máa ń gbàgbé, ni ìpadàbọ̀. Kí owó ilé ìwé tó jáde lápò, kí wọ́n béèrè ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìlera ní Kùtọnù bí oyè OD yóò ṣe di èyí tí a lè fi ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2019 pé ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.2 ènìyàn ni ìríran wọn kò pé, àti pé nínú wọn, ó kéré tán, bílíọ̀nù 1 ni a bá ti dá ààbò bò tàbí tí a kò tíì tọ́jú. A ti rí i lọ́dọ̀ wa pé iṣẹ́ tí a bá tẹra mọ́ ń so èso. Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà, wà lára orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà sí ìfọ́jú odò ní 1974. Nígbà náà, wọ́n ń da oògùn sínú odò tí ń ṣàn kíákíá, níbi tí eṣinṣin dúdú tí ń gbé àrùn náà káàkiri ti ń pamọ. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fúnni ní oògùn ivermectin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àrùn kan náà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn ojú tí a ń pè ní trachoma kì í ṣe ìṣòro fún ará ìlú mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Èyí tí ó kù wà nínú ilé àti lóko: òróró èèpo kajú tí ń jó ara, oògùn kòkòrò òwú tí afẹ́fẹ́ gbé sójú, omi ewé tí wọ́n kán sí ojú tí ó ti ní egbò, àti àwọn aránṣọ tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ń pe ọmọ kéékèèké láti bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Awò ìkàwé lásán ni yóò tán ti ìkẹyìn yìí.

Ọmọ tí mo ń sọ wà ní ọ̀wọ́ D báyìí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó gé E láti ara páálí, títóbi sí kékeré, ó wọn mítà márùn-ún sórí ilẹ̀ kíláàsì mi, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kí n tó pín ìjókòó fún ẹnikẹ́ni, orí ìlà yẹn ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ ń dúró.