Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wò Ó

Mo kan sáárá sí àwọn tó máa ń jókòó wo fíìmù tán kí wọ́n tó gbé e síwájú ọmọdé. Iṣẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ BBFC ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1912. Síbẹ̀, ní 1978, wọ́n fi fíìmù Watership Down sí ipò tí tọmọdé tàgbà lè wò, bẹ́ẹ̀ àwọn ehoro inú rẹ̀ ń ya ara wọn jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó di 2022 kí wọ́n tó ní kí òbí kọ́kọ́ rò ó wò. Àwòrán yíyà ṣá ni, ta ni ìbá fura?

Ìyá tó mọṣẹ́ kì í wo àmì tí àjọ fi sára fíìmù nìkan. Ó mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin kì í dúró de ìgbẹ̀yìn tí ohun gbogbo á fi dára. Nínú fíìmù The Lion King, Simba ọmọ kìnnìún ń fi orí ti òkú bàbá rẹ̀ pé kó dìde. Ibẹ̀ lọkàn ọmọ máa há sí. Àwàdà tó tẹ̀ lé e kò kàn án. Ìyá yìí a tún máa fetí sílẹ̀, torí ìlù tó ń dún nínú òkùnkùn lè dẹ́rù ba ọmọ ju iwin gan-an lọ. Ó sì mọ̀ pé Táíwò lè wò ó kó máa rẹ́rìn-ín, kí Kẹ́hìndé má sì sùn mọ́jú. Àjọ kankan ò lè bá a mọ ìyẹn.