Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀

Bí bàbá arúgbó bá fi gbogbo òru làkàkà láti tọ̀, tí ẹ̀kán kan kò jáde, tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ le kankan bí awọ ìlù, nítorí pé prostate tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká ti wú, ìgbà náà ni à ń mọ iyì nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Yóò fi ìpara apàrora sí ọ̀nà ìtọ̀ náà, yóò ní sùúrù, yóò wá máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ yóò gbà jáde wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí rọ́bà náà bá kọ́, kò ní fi ipá tì í, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ìgbà tí ìtọ̀ bá ṣàn kí ó tó fi omi kún bàlúùnù kékeré tí kì í jẹ́ kí rọ́bà náà yọ, ọgbọ́n tí Frederic Foley ará Amẹ́ríkà kọ̀wé lé lórí ní 1937. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ yìí ni bàbá kọ́kọ́ ń súre fún.